Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Ọ̀gá Mi Tú Àpò Rẹ̀

Bísọ́lá, ọmọ àbúrò mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ girama ní Ayétòrò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá kí mi ní Ìlaròó. Ó jẹ̀bà tán, ó nu ọwọ́, ó ní, "Màmá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ṣé iṣẹ́ apòògùn dáa? Wọ́n ní iṣẹ́ ìjókòó ni. Wọ́n ní ẹ kàn máa ń ka hóró oògùn sínú ọ̀rá ni."

Ìjókòó kẹ̀? Orúnkún mi méjèèjì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, díẹ̀ ló kù kí wọ́n dá a lóhùn kí èmi tó lanu. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi dúró lójú fèrèsé oògùn ní ọsibítù ìjọba. Bí ẹ bá rí mi tí mo ń gun àkàsọ̀ lónìí, ẹ ó mọ̀ pé ẹni tó sọ pé ìjókòó ni kò dé ibẹ̀ rí.

Nítorí Bísọ́lá ni mo ṣe ń kọ èyí, àti nítorí ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì, tí ẹ ò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ máa mú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún yín. Ṣé ẹ lè wo ojú àgbàlagbà tó kọ́ yín níṣẹ́, tó ti fi rúlà lù yín lọ́wọ́ rí, kí ẹ sì sọ fún un pé, "Ẹ tú àpò yín sórí tábìlì, kí n rí ohun tó wà níbẹ̀"? Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, ẹ lọ kọ́ kọ̀ǹpútà. Èmi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀mí ọ̀gá mi ló sì wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn. Mo parí ilé ẹ̀kọ́ ìlera, mo kọ̀wé, wọ́n pè mí. Ní ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi bò, ká má ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ kọ́ mi ní orúkọ oògùn. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi ní oògùn fúnra rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Akínlàbí ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n láti Ìlaròó títí dé Ìmẹ̀kọ, Bàbá Tú-Àpò ni gbogbo ayé ń pè é. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń fi sítáàṣì sí kóòtù funfun rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí ó bá bọ́ ọ sílẹ̀, kóòtù náà lè dá dúró kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà yẹn, oògùn kì í wà nínú káàdì bíi ti ìsinsìnyí. Inú agolo ńlá ló máa ń wà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró. A ó dà á sórí àwo pẹlẹbẹ, a ó fi ọ̀bẹ tí kò mú kà á ní márùn-ún márùn-ún sínú àpò ìwé kékeré. Omi oògùn ikọ́, àwa la máa ń pò ó. Odó kékeré wà, ọmọ odó wà, òṣùwọ̀n wà. Bí o bá fi ìka kan hóró oògùn, rúlà ọ̀gá á kan ìka náà. Mo ń bá nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀ nígbà tí mò ń kà lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá kó gbogbo àpò ìwé tí mo ti kà láti àárọ̀, ó dà wọ́n padà sórí àwo, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ẹ parí ọ̀rọ̀ yín. Bí ẹ bá ti parí, kí o wá bẹ̀rẹ̀." Àwọn tó tò sórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá kan ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ wa níbí."

Ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ kan wà tó ju gbogbo ìyẹn lọ. Oògùn kankan kò gbọdọ̀ gba ojú fèrèsé yẹn jáde àfi bí ẹni tó fẹ́ gbà á bá kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó ń gbé mì sórí káúntà. Ìbáà ṣe ti ọsibítù, ìbáà ṣe ti kẹ́mísì, ìbáà ṣe àgbo tó wà nínú ìgò. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sórí pátákó kan lókè fèrèsé: TÚ ÀPÒ RẸ. KÍ NI Ò Ń LÒ?

Nílẹ̀ Yewa wa níbí, ẹ mọ̀ pé a kì í tú àpò àgbà. Ohun tó wà nínú àpò àgbà, àgbà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, lójoojúmọ́ ni ìjà ń ṣẹlẹ̀ lójú fèrèsé. Àgbẹ̀ kan wá láti Afọ̀n lọ́jọ́ kan, ó ní gbogbo ara ń dun òun. Ọ̀gá ní kó tú àpò. Ó ní òun kò lo nǹkan kan. Ọ̀gá ní kó ṣáà tú u. Ó ń ráhùn, ó ń tú u: obì, áásà, kọ́kọ́rọ́, eyín àtọwọ́dá kan tí kì í ṣe tirẹ̀, àti káàdì oògùn mẹ́ta tí orúkọ ara wọn kò jọra. Káàdì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé nígbà yẹn.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, ó ní òun ò léyín. Bàbá, kí nìwọ̀nyí?"

Bàbá náà ní, "Èyí fún orí ni. Èyí fún ẹ̀yìn. Èyí tó kù, ti ibà ni."

Ọ̀gá yí wọn padà, ó nawọ́ sí lẹ́tà kékeré tó wà lẹ́yìn wọn, ó ní kí n kà á sókè. Mo kà á. Parasitamọ́ọ̀lù, parasitamọ́ọ̀lù, parasitamọ́ọ̀lù.

"Ó wọ aṣọ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹnì kan náà ni," ni ọ̀gá wí. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ orí yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Ẹ̀dọ̀ yín kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo rẹ̀ lẹ̀ ń dì rù ú."

Nígbà tí bàbá náà lọ tán, ọ̀gá ṣàlàyé fún mi, mi ò sì tíì gbọ́ àlàyé tó dùn jù ú lọ títí dòní. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ẹnubodè ni ẹ́, o ti rí bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ṣe ń dá ọkọ̀ dúró, nítorí náà ó máa yé ọ. Ẹ̀dọ̀ ni ẹnubodè ara. Gbogbo ohun tí a bá gbé mì gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọkọ̀ bá pọ̀ jù, iṣẹ́ á wọ ẹ̀dọ̀ lọ́rùn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo péré ni, ṣùgbọ́n tí ẹrù inú rẹ̀ kò bá ẹ̀dọ̀ ẹni yẹn lára mu, ó tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Òróòro wá ni omi tí ẹ̀dọ̀ ń dà sínú ìfun. Ó ní àwọn ọ̀nà tín-ín-rín tó ń gbà. Bí oògùn bá mú kí àwọn ọ̀nà yẹn wú, omi náà á padà sẹ́yìn sínú ẹ̀jẹ̀. Ojú á pọ́n. Ìtọ̀ á dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ìgbẹ́ á funfun. Ara á máa yún ènìyàn láìsí èélá kankan."

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé oògùn kan náà tó ń wo ènìyàn sàn?"

Ó ní, "Òun náà ni. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ṣe. Àwọn tó ń ṣe kò tiẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe, kò sí ẹni tó máa mọ̀ bí a kò bá tú àpò rẹ̀."

Èmi náà ṣe àṣìṣe tèmi, ẹ má rò pé ara òkúta ni wọ́n fi gbẹ́ mi. Ọkùnrin kan tó ń lo oògùn ikọ́ ife sáré wá bá mi, ó ní ìtọ̀ òun pupa bíi sóbò. Ọ̀gá kò sí nítòsí. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀, orí mi sì ti wú. Mo ní kó dá oògùn náà dúró lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá dé, ó gbọ́, ó sì rán mi lọ wá ọkùnrin náà dé oko rẹ̀, lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní búréèkì. Oògùn yẹn máa ń sọ ìtọ̀ di pupa, kò sí ewu níbẹ̀. "Ojú rẹ̀ ni kí o wò," ni ọ̀gá wí. "Bí ojú bá pọ́n, sáré lọ bá dókítà. Má ṣe dá oògùn dókítà dúró fún ẹnikẹ́ni láti orí fèrèsé láé." Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti kí ènìyàn kankan láìwo funfun ojú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan ṣì mí lóye nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn nìyẹn.

Ọdún ń gorí ọdún. Odó kékeré wọ àpótí. Àpò ìwé di ọ̀rá. Agolo ńlá lọ, káàdì gba gbogbo ibẹ̀. Ọdún tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé ni ọ̀gá fẹ̀yìn tì. Ó wo ẹ̀rọ náà lókè délẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ṣé ó lè bi ènìyàn pé kí ló wà lápò rẹ̀?" Mo ní rárá. Ó ní, "Nígbà náà, ìwọ dúró tì í." Ó gba Ayétòrò lọ, ó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Èmi bọ́ sójú fèrèsé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Tú-Àpò.

Ó ku ọdún díẹ̀ kí èmi náà fẹ̀yìn tì nígbà tí ìyàwó ọ̀gá, Màmá Délé, pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, bàbá ẹ ń họra."

"Ó ń họra, mà?"

"Ó ń họra. Èékánná kò tó o mọ́. Ṣùkù àgbàdo ló fi ń họ ẹ̀yìn. Mo ní kó lọ sí ọsibítù, ó ní òun ni ọsibítù."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gun ọ̀kadà dé Ayétòrò. Ọ̀gá jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ife àgbo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Èmi ò rẹ́rìn-ín padà, nítorí ojú rẹ̀ ni mo wò. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Ọ̀gá, ojú yín."

"Ibà pọ́njú ni," ni ó dá mi lóhùn. "Ìkòkò àgbo kejì nìyí. Mo sì ń fi parasitamọ́ọ̀lù méjì tì í lẹ́yìn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kó lè tètè lọ."

"Ìgbẹ́ yín ńkọ́, sà?"

"Ṣé ohun tí o tìtorí ẹ̀ wá láti Ìlaròó nìyẹn?"

Màmá Délé dáhùn láti ilé ìdáná. "Ó funfun bí ẹfun. Mo ti rí i."

"Ta ló rán ẹ lọ wò ó?"

"Èmi ni mo rán ara mi, Bàbá Délé."

Mo ní ká lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ó kọ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun pọ́njú báyìí nígbà kan, wọ́n ní nǹkan hù síbi tí òróòro ń gbà, wọ́n là á, kò sì jí mọ́. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé òun máa kú, kó jẹ́ abẹ́ máńgòrò òun. Ènìyàn tó mọ gbogbo oògùn láyé jókòó síbẹ̀, ó ń da àgbo lu parasitamọ́ọ̀lù lórí ẹ̀dọ̀ tó ti ń ṣàìsàn. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Mo gbé tábìlì kékeré wá síwájú rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú àpò yín. Kí lẹ ń lò?"

Ariwo ìkòkò dákẹ́ nínú ilé ìdáná. Ọ̀gá wò mí. "Àbẹ̀kẹ́. Èmi?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"A kì í tú àpò àgbà."

"Àgbà wo ló ṣẹ́kù nílẹ̀ Yewa tí ẹ ò tíì tú àpò rẹ̀?"

Màmá Délé bú sẹ́rìn-ín nínú ilé. Ọ̀gá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó tú àpò rẹ̀: áńkáṣíìfù, kọ́kọ́rọ́, orín, àbọ̀ obì kan, káàdì parasitamọ́ọ̀lù kan, ìgò àgbo kékeré kan. Kò sí nǹkan mìíràn. Ó nà sẹ́yìn nínú àga bí ẹni tó borí lẹ́jọ́. "Ohun tí mò ń lò nìyẹn. Ìgbà tí ojú mi pọ́n ni mo bẹ̀rẹ̀ wọn, kò sí nǹkan mìíràn tí mò ń lò. Ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn?"

Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀.

Ibi tí mo jókòó sí ni mo wà tí Màmá Délé jáde wá. Ó mú ṣòkòtò ọ̀gá kan dání, ó fẹ́ rán an pọ̀ níbàdí, nítorí ọ̀gá ti rù débi pé ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí rẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó ṣí páálí kékeré kan tó ń kó abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnì sí, ó ń wá òwú. Mo wo páálí náà. Lẹ́tà Faransé ló wà lára rẹ̀. Mi ò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n orúkọ oògùn kì í pẹ́ dá mi lójú: amọ́síkílìn tí wọ́n fi oògùn kejì kún kó lè lágbára sí i, èyí tó ń pa kòkòrò àìsàn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí páálí yìí?"

"Ti bàbá ẹ ni. Nígbà tó lọ sọ́dọ̀ àna wa ní Kétu lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ẹnubodè, eyín rẹ̀ wú, wọ́n fún un níbẹ̀. Páálí náà le dáadáa, mi ò lè sọ ọ́ nù."

Mo yíjú sí ọ̀gá. "Ẹ ní kò sí nǹkan mìíràn."

"Kí lo bi mí? O bi mí pé kí ni mò ń lò. N kò lo ìyẹn mọ́. Ó ti lé lóṣù kan tí mo ti lò ó tán. Eyín mi sàn."

Ó sọ òótọ́. Òfin rẹ̀ ló tẹ̀ lé. Fún gbogbo ọdún yẹn, ohun tí ènìyàn ń lò la máa ń béèrè. A kì í béèrè ohun tó ti lò tán. Oògùn yẹn gan-an sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó lè dúró títí ènìyàn á fi lò ó tán, tí á sì gbàgbé rẹ̀, kó tó wá bí àwọn ọ̀nà òróòro nínú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àgbàlagbà ọkùnrin ló sì máa ń ṣe jù.

Mo ní, "Ọ̀gá, mi ò ní parọ́ fún yín. Ó lè jẹ́ òkúta tó dí ọ̀nà òróòro. Ó lè jẹ́ ohun tó pa ẹ̀gbọ́n yín. Ó sì lè jẹ́ páálí abẹ́rẹ́ yìí. Ẹni tó máa sọ èyí tó jẹ́ kò sí lábẹ́ máńgòrò."

Ó gba páálí náà lọ́wọ́ mi. Ó yí i padà, ó ka lẹ́tà kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, bó ṣe kọ́ mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ó da àgbo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ní, "Màmá Délé, bá mi rán ṣòkòtò yẹn kíá. Mi ò lè wọ ṣòkòtò tó ń já bọ́ lọ bá dókítà."

Ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan ló gbà wá wọlé, ọmọdé gbáà lójú tiwa. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ ń lò?"

Ọ̀gá wò mí, ó wá kọjú sí i. "Ọmọ mi, bi mí pé kí ni mo lò tán."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ká lọ ya àwòrán inú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí a ń retí èsì, ọ̀gá ń ka bọ́tìnì inú páálí náà, ní márùn-ún márùn-ún. Èsì dé. Kò sí òkúta. Kò sí nǹkan kan tó hù. Ọ̀nà òróòro ńlá ṣí gbayawu. Kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà ní àwọn ọ̀nà tín-ín-rín inú ẹ̀dọ̀ ló ń bínú, páálí náà ló sì fura sí jù. Kò sí iṣẹ́ abẹ. Kó fi àgbo sílẹ̀, kó fi parasitamọ́ọ̀lù sílẹ̀, kó máa wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kó sì má tún fi ẹnu kan oògùn yẹn mọ́ láyé. Wọ́n kọ orúkọ oògùn náà sínú ìwé kan fún un pé kó máa mú un rìn.

Kò tètè yá. Ẹ̀dọ̀ kì í kánjú. Ṣùgbọ́n ìyún náà ń dín kù, ojú sì ń funfun bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo wà lójú fèrèsé, èrò pọ̀ rẹpẹtẹ, nígbà tí Màmá Délé pè. Kò kí mi. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ìgbẹ́ bàbá ẹ ti padà sí àwọ̀ ilẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó níbẹ̀, àwọn tó wà lórí ìlà sì ń kí mi kú oríire. Wọ́n rò pé ẹnì kan bímọ ni.

Nígbà tí ara ọ̀gá le tán, ó mú ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì wá sí ọsibítù. Ó gun orí àga lójú gbogbo ènìyàn, ó fi ìlà kan kún pátákó rẹ̀: KÍ NI O SÌ LÒ TÁN? Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún Bísọ́lá nìyẹn. Ló bá na ọwọ́ sí báàgì mi tó wà lórí àga, kò ṣí i, ó kàn gbé e ka iwájú mi. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ tú àpò yín."

Mo ní, "Bísọ́lá. Èmi?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Orúnkún yín ń dùn yín láti àárọ̀. Kí lẹ ń lò sí i, kí lẹ sì lò tán?"

Mo tú u. Káàdì méjì ló jáde, ọ̀kan fún orúnkún ọ̀tún, ọ̀kan fún ti òsì. Ó yí wọn padà, ó ka lẹ́tà kékeré ẹ̀yìn wọn, ó sì gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Lọ́la, màá tẹ̀ lé e lọ gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ ìlera.